Ojú Mi Lára Ògiri

Mo ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri bí mo ṣe máa ń rìn. Mo gbójú sókè báyìí, ojú mi ló ń wò mí.

Ojú mi, tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri tó kọjú sí ilé ìfọṣọ wa, lókè ibi tí àwọn onítáyà ń kó irinṣẹ́ wọn sí. Orí mi ò ní gèlè. Ètè mi gbẹ. Omi wà lójú mi, omi tí kì í ṣe ẹkún, èéfín ìdáná ló fà á lọ́jọ́ tí wọ́n yà mí ní fọ́tò, ṣùgbọ́n ta ló máa béèrè? Lábẹ́ àgbọ̀n mi, wọ́n fi lẹ́tà ńláńlá pupa kọ ọ́ pé: E GBA IYA YII.

Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Mo mọ lẹ́tà, mo sì lè tò wọ́n pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá dúró tì mí. Mo tò ó. Ohun tó jáde ni: Ẹ gbá ìyá yìí. Mo tún un tò. Ẹ gbá a.

Kí ni mo ṣe? Ta ni mo ṣẹ̀, tó fi ní kí wọ́n máa gbá mi láàárín ìgboro? Mo fa gèlè mi wá síwájú orí, mo dorí kodò, mo kọjá bí adìẹ tí òjò pa.

Ọ̀kan nínú àwọn onítáyà, èyí tí wọ́n ń pè ní Pọ́ńpù, ti ka tirẹ̀ ṣáájú mi. Ó gun orí táyà, ó na ọwọ́, ó fọ́ ìwé náà létí.

"Wọ́n ní ká gbá a!" ó pariwo. "Àṣẹ ni o! Ẹni tí ò bá gbá a, owó orí ń bẹ lọ́rùn ẹ̀!"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn tún gbá a. Pà! Mo gbọ́ ọ títí dé ìdí ọpọ́n ìfọṣọ. Láti àárọ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀, bí oníbàárà bá ti ń dúró de táyà ẹ̀, wọ́n á ní kó gbá ìyá kan kí ọwọ́ lè yá. Pà. Mo ń fọ aṣọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ta mí. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ó ń ta mí.

Àmọ́ kì í ṣe ìgbátí yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Iṣẹ́ mi ni.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbí pé inú ibùdó ni mo ti wá. Nígbà tí odò kún tó gba abúlé wa mọ́ wa lọ́wọ́, wọ́n kó wa sínú ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọn ò lò mọ́. Ibẹ̀ ni onígbáméjì ti bá wa. Kì í ṣe gbogbo wa ló mú, ṣùgbọ́n ìròyìn kì í ya ẹnì kan sọ́tọ̀. Láti ìgbà náà, tó o bá ti lè jẹ́wọ́ pé oní-ibùdó ni ẹ́, onílé á ní yàrá òun ti kún. Ẹni tó ń ta oúnjẹ á ju ṣíńjì rẹ sílẹ̀ kí ọwọ́ ẹ̀ má baà kan tìẹ. Ọ̀gá wa nílé ìfọṣọ, ọjọ́ tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ṣé o ò sí lára àwọn omíyalé yẹn? Aṣọ ọsibítù là ń fọ níbí o. Tí wọ́n bá gbọ́ pé oní-ibùdó ló ń fọwọ́ kàn án, wọ́n á kó aṣọ wọn lọ, èmi á wá di olówò òfìfo."

"Rárá, mà," mo ní. "Ilé àbúrò ọkọ mi ni mo ti ń bọ̀."

Irọ́ ni. Ọkọ mi ò ní àbúrò. Ẹni tó ṣẹ́kù fún mi ni àbúrò tèmi, tó ń dirun ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Àwa méjèèjì la jọ ń gbé nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìfọṣọ náà, Ọ̀gá ló sì ni yàrá. Iṣẹ́ bá lọ, yàrá á bá a lọ.

Ọ̀gá ló sọ mí ní Jẹ́jẹ́, torí wọn kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Ó rò pé ìwà mi ni.

Lọ́jọ́ tí ìwé yẹn kọ́kọ́ dé ara ògiri, Ọ̀gá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo òkè, ó káwọ́ lérí. "Ẹ wo ìyá yìí," ó ní. "Ó mà ṣe o. Ayé le." Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Apá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Mo ní, "Ó ṣe o, mà." Mo gbé ọpọ́n, mo yára wọlé kí ọkàn mi má baà já sílẹ̀ lójú ẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí yàrá, àbúrò mi ti ń dúró dè mí, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire. Ojú yín wà níbi tí mo ti ń dirun, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, ó wà níwájú ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í fẹ́ kí òjìji yín kan èèyàn!"

"Kí ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe fún mi?"

"Wọ́n ní kí wọ́n gbá yín. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣàlàyé. Ṣé gbá ti etí ni, ṣé gbá ti ilẹ̀ ni, àbí gbá ti bọ́ọ̀lù?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín."

"Tí mi ò bá fi yín ṣẹ̀sín, ẹkún ni màá sun. Ẹ mú ọ̀kan."

Mi ò mú ọ̀kankan. Ó sún mọ́ mi, ó sọ ohun tí oníbàárà ẹ̀ sọ fún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ló lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń kó owó jọ fún àwọn tí omi lé kúrò nílé, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀ sí i. Ẹ gba ìyá yìí ni wọ́n ní lọ́kàn. Kí wọ́n gbà mí là. Wọn ò kàn fi àmì sórí ẹ̀ ni.

Ìgbà yẹn ni mo rántí wọn.

Wọ́n wá sí ibùdó nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, gbogbo wọn bákan náà. Wọ́n kó bùláńkẹ́ẹ̀tì wá, wọ́n kó ọṣẹ wá. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Bùláńkẹ́ẹ̀tì náà móoru, mo ṣì ń fi í bora títí dòní, mi ò sì gbọ́ pé wọ́n jí kọ́bọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n èyí tó gbé kámẹ́rà lọ́wọ́ wò mí, ó ní kí n ṣí gèlè. Gèlè yẹn ni ohun dáadáa kan ṣoṣo tí mo gbé jáde nínú omi. Ó ní ó ń jẹ́ kí n jọ ẹni tí nǹkan ń lọ déédéé fún. Mo ṣí i. Àbúrò mi wá sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, nípa bí imú ọmọkùnrin náà ṣe fẹ́ kó sínú kámẹ́rà, ẹ̀rín pa mí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín," ó ní. "Àwọn èèyàn kì í fowó sílẹ̀ fún ẹni tó ń rẹ́rìn-ín."

Mo pa ẹnu dé. Ẹni tó na ọwọ́ gba ọṣẹ, ṣé ó lè ní òun fẹ́ rẹ́rìn-ín?

Inú bí mi bí mo ṣe ń rántí ẹ̀ yẹn ju bí odò ṣe bí mi nínú lọ. Odò ò ní kí n ṣí gèlè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí aṣọ wà lórí okùn, mo sọ fún Ọ̀gá pé inú ń run mí, mo gba ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ. Mi ò fẹ́ràn ẹnu géètì. Ẹni tó bá wọ kaki tó sì jókòó sẹ́nu géètì, ọkàn mi kì í balẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ béèrè ohun tí mo ń wá, mo ní àwọn ọmọ tó ń kó owó omíyalé jọ. Ó nawọ́ sí yàrá kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, kò tún wò mí mọ́.

Yàrá náà kéré. Fáànù kan ń yí lókè, ó ń dún bí ẹni tó ń payín keke. Ìwé kún ilẹ̀, ojú mi ló wà lára gbogbo wọn, wọ́n tò ó gegere bí aṣọ tí wọ́n ká. Ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú jókòó nídìí tábìlì. Ọmọkùnrin kan dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Ọmọbìnrin yẹn ń pè é ní Ààrẹ, torí òun ni olórí wọn.

"Ẹ káàsán, mà," ọmọbìnrin náà ní. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti àpótí kan síwájú mi. "Ṣé ẹ wá ṣètọrẹ ni? Ohun yòówù tágbára yín bá ká, mà. Kò kéré jù."

Ojú mi wà lára àpótí náà pẹ̀lú. Ihò tí owó ń gbà wọlé, ẹnu mi ni wọ́n gé e sí.

Mo dúró. Mo ń wo ihò yẹn. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ohun tó ṣe mí. Ó dà bíi pé ẹnìkan ti ọwọ́ bọ̀ mí lọ́fun.

"Èmi nìyí," mo ní.

"Ta ni, mà?"

Mo nawọ́ sí àpótí. "Èmi."

Ó wo àpótí, ó wò mí. "Rárá, mà," ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ìyá yẹn wà ní ibùdó. Wọn ò... wọn ò rí bí ẹ ṣe rí."

Mo ṣí gèlè mi. Mo tún ṣí i fún wọn.

Ààrẹ ló kọ́kọ́ rí i. Ó ju fóònù sórí tábìlì, ó wá di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ha! Ìyá wa! Ìyá wa fúnra wọn! Ọlọ́run ló rán yín. Sátidé là ń ṣe àpèjọ ńlá nínú gbọ̀ngàn. Ẹ máa bọ́ sórí pèpéle, ẹ máa sọ bí omi ṣe kó ilé yín lọ, ọkàn gbogbo wọn ló máa rọ̀!"

"Ẹ yọ ọ́ kúrò."

"Kí ni, mà?"

"Ojú mi tó wà lára ògiri. Ẹ yọ ọ́, sà. Tí wọ́n bá fi lè dá mi mọ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n á lé mi. Ilé á tún lọ."

Mo pè é ní sà. Ọmọ tí mo lè bí. Ẹ̀rù ló ń pè é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀," ó ní. "Kì í ṣe ojú yín nìkan mọ́. Ojú gbogbo àwọn tí ìyà ń jẹ ni."

"Àwọn yẹn ní ojú tiwọn, sà. Èyí, èmi ni mo ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ẹ sì tún ní kí wọ́n máa gbá mi."

"Ta ló ní kí wọ́n máa gbá yín?"

"Ẹ̀yin. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ gbá ìyá yìí. Àwọn onítáyà ń gbá mi láti àná, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìwé náà ti ń bó."

Ẹ̀rín pa Ààrẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìdí àga mú. Ọmọbìnrin awò ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a rẹ́rìn-ín, ó rí mi, ó dáwọ́ dúró.

"Mo sọ fún ẹ pé ká fi àmì sí i," ó ní fún Ààrẹ.

"Ẹ̀rọ àwọn atẹ̀wé ò ní àmì. Ta ló máa rí gbà kó pè é ní gbá?"

"Gbogbo ìlú, bó ṣe jọ."

Ààrẹ nu ojú ẹ̀. "Kò sí wàhálà, mà. Ẹ má bínú. Lọ́la, a máa wá tún un ṣe. Mo ṣèlérí fún yín. Gbogbo ẹ̀ la máa tún ṣe, láti orí tiyín yẹn gan-an."

Tún un ṣe. Èmi, mo gbọ́ pé wọ́n máa yọ ọ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí n gbọ́? Ẹni tó bá sọ pé ojú mi ò gbọdọ̀ wà níbì kan, tí wọ́n ní àwọn máa tún un ṣe, kí lẹ̀yin fẹ́ gbọ́? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo tẹrí ba fún wọn. Títí màá fi kú ni màá máa bínú sí ọpẹ́ yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oòrùn ò tí ì mú tí wọ́n fi dé. Wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, wọ́n gbé àkàbà, wọ́n gbé ọ̀dà dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì. Mo yọjú látẹnu ọ̀nà, aṣọ ibùsùn tútù kan wà lápá mi. Mo ní, ọ̀dà? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀dà ṣe?

Wọn ò yọ ọ́. Àmì ni wọ́n ń fi sí i.

Ọ̀kan wà lókè àkàbà, ó ń kùn ún. Ààrẹ dúró sísàlẹ̀, ó ń pa á láṣẹ. "Fi àmì sábẹ́ Ẹ! Ó dáa. Gba, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá ló kù! Fa ìlà kan sórí á! Fà á wálẹ̀! Wálẹ̀, mo ní!" Ẹni tó wà lókè fà á wálẹ̀ lóòótọ́, ìlà dúdú gbọọrọ, ó nípọn bí ìka. Àwọn tó ń kọjá dúró. Àwọn onítáyà fi táyà sílẹ̀. Ẹni tí kò tí ì wo ojú yẹn láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, ó ń wò ó báyìí, kó lè rí ohun tí wọ́n ń yí padà.

Pọ́ńpù fi ọwọ́ dí oòrùn lójú, ó kà á sókè. "Ẹ gba... ìyà yìí."

Ó tún un kà.

"Ẹ gba ìyà yìí! Yéè! Wọ́n ti yí i padà o! Lánàá, àwa là ń gbá a. Lónìí, wọ́n ní àwa ni ká wá gba ìyà!"

"Mi ò gba ìyà kankan o!" ẹlòmíràn kígbe. "Èyí tó wà nílé mi ò tí ì tán!"

"Ẹ pín in fún wa ní déédéé, ẹ má ṣe ojúsàájú!"

"Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí lẹ ń kọ́ níbẹ̀ gan-an?"

Ààrẹ gbé orí sókè, ó rí ìlà náà, ó di orí ẹ̀ mú. "Òdìkejì! Òdìkejì ni mo ní kó o dà á sí!" Gbogbo òpópónà ń pariwo ẹ̀rín. Ariwo yẹn ló mú Ọ̀gá jáde.

Ó rìn dé àárín ọ̀nà, ó wo ìwé náà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó pẹ́. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wọlé, mi ò lè jáde. Nígbà tí mo rí i pé ó fẹ́ yíjú padà, mo gbé aṣọ tútù yẹn bo ojú.

Ìyẹn ló tú mi fó. Ta ló ń fi aṣọ ọsibítù bojú láìnídìí?

"Jẹ́jẹ́." Ó ti dé iwájú mi. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú aṣọ. "Mú un kúrò lójú."

Mo mú un kúrò.

"Ṣí gèlè."

Gbogbo ayé, ẹ gbà mí. Ṣé wọn ò mọ ohun mìíràn tí wọ́n lè sọ fún obìnrin ni?

"Mi ò ṣí i, mà," mo ní.

"Ìwọ ni, nígbà náà."

Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tó wà láyà ẹ̀. Báàjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbé àpótí kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀ láàárọ̀, ó ti fowó sí i, wọ́n sì fi báàjì kan há a láyà. Ojú mi ló wà nínú ẹ̀, ó kéré bíi bọ́tìnì.

"O purọ́ fún mi," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi! Èmi tí mo lójú àánú báyìí! Mo fowó sílẹ̀ nítorí ìyá yìí!" Ó ń fi ìka gún àyà ara ẹ̀, ó ń gún mi lójú níbẹ̀. "Mo wò ó, omi bọ́ lójú mi!"

"Ẹ ṣeun, mà."

"Kó ẹrù ẹ."

Bàbá Áyọ́ọ̀nù, bàbá àgbàlagbà tó ń lọ aṣọ nínú lọ́hùn-ún, yọ orí jáde. "Ọ̀gá, aṣọ ọsibítù wà nílẹ̀ o. Ọkọ̀ wọn ti fẹ́ dé."

"Kí ló kàn ẹ́ ńbẹ̀?"

"Kò kàn mí. Mo kàn ń sọ pé ọwọ́ mi ò lè lọ aṣọ kó tún máa fọ aṣọ. Ìyá mi ò bí mi ní alákàn."

"Mo ní kó kó ẹrù ẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kí onígbáméjì pa gbogbo wa?"

Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mi. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni ẹ̀rù ti ń jókòó sí àga kan níbẹ̀. Inú wá bí mi débi tí ẹ̀rù ò ráyè jókòó. Mo gbé aṣọ ibùsùn náà lé Ọ̀gá lápá. Mo wọlé, mo bu omi gbígbóná sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo mú búrọ́ọ̀ṣì onírin tí a fi ń ha ìpẹtà lára ọpọ́n, mo gba iwájú ilé jáde, mo sọdá.

"Sọ̀ kalẹ̀," mo ní fún èyí tó wà lórí àkàbà. Mi ò pè é ní sà.

Ó wo Ààrẹ. Ó wo omi tó ń yọ èéfín. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Mo gùn ún. Mi ò tí ì gun nǹkan kan látìgbà tí mo ti gun òrùlé nínú omi. Mo da omi sórí ojú mi lára ìwé yẹn, gọ́ọ̀mù rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Iwájú orí kọ́kọ́ wá. Ojú kan wá. Ìwé náà ń já bọ́ sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́.

"Ìyá!" Ààrẹ ní. "Ìyá, ohun ìní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni o!"

"Èwo níbẹ̀? Ṣé imú ni àbí etí?"

Àwọn onítáyà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti yàtọ̀. Ọmọbìnrin awò ojú sún mọ́ ìdí àkàbà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Sátidé kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó wà ní ibùdó ò tí ì rí oògùn tó. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, kí la máa gbé síbẹ̀?"

Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ dùn mí, torí òótọ́ ni. Mo mọ àwọn tó wà níbẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo ti ń sùn.

"Ẹ gbé ìyá tiyín síbẹ̀," mo ní. "Ẹ ní kó ṣí gèlè. Ẹ ní kó má rẹ́rìn-ín. Ẹ wá gé ihò sí i lẹ́nu, kí owó lè ráyè wọlé. Tó bá gbà fún yín, ẹ padà wá pè mí. Màá wá dúró tì í."

Ó yọ awò ojú ẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

Àkàbà mì lábẹ́ mi. Mo wo ìsàlẹ̀, Pọ́ńpù ló dì í mú kó má baà yẹ̀. Kò lè gbójú sókè. "Màmá," ó ní, "mi ò mọ̀ pé èèyàn ni."

"O mọ̀. O ò mọ̀ pé mo wà nítòsí ni."

Ọkọ̀ ọsibítù dé. Ó fun fèrè, kò rọ́nà gbà, dírẹ́bà bọ́ọ́lẹ̀. "Kí lẹ ń wò níbí?"

Ọ̀gá sáré pàdé ẹ̀, aṣọ tútù yẹn ṣì wà lápá ẹ̀, omi ń kán sí i lẹ́sẹ̀. "Kò sí nǹkan, ọ̀gá mi, kò sí nǹkan. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. A ti yanjú ẹ̀, a ti lé e lọ..."

"Inú ibùdó omíyalé ni mo ti wá!" mo ní.

Ohùn mi ló ya èmi gan-an lẹ́nu. Ó dún dé ibi ilé epo. Gbogbo wọn yíjú sí mi lórí àkàbà. Mo di àkàbà mú.

"Èmi ni mo ń fọ aṣọ yín. Láti ìgbà tí òjò ti dá. Èmi ni."

Dírẹ́bà wò mí. Ó wo Ọ̀gá. Ó fi ìka ro etí.

"Ṣé ó ti gbẹ?"

"Kí ni?" Ọ̀gá ní.

"Aṣọ. Ṣé ó ti gbẹ? Orí rọ́bà lásán làwọn aláìsàn wà."

"Ṣùgbọ́n ó ní ibùdó lòun ti wá," Ọ̀gá ní. "Onígbáméjì..."

"Màmá, ọ̀dọ̀ wa náà ni wọ́n ń gbé àwọn onígbáméjì wá. Orí aṣọ wo lẹ rò pé wọ́n ń sùn sí? Aṣọ wọn lẹ ti ń fọ látọjọ́ yìí. Kì í ṣe àwọn ológe là ń gbà. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń dúró."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Áyọ́ọ̀nù nìkan ló wúkọ́ nínú ilé, ikọ́ tó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá wo ọwọ́ ara ẹ̀, ó wo aṣọ tó gbé lápá láti ìgbà yẹn, ó fẹ́ jù ú sílẹ̀, kò jù ú.

Mo bó ìyókù. Àgbọ̀n, lẹ́yìn náà lẹ́tà, ti àmì ti ìlà. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀gá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Jẹ́jẹ́. Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ti tán. Gba ẹ̀yìn wọlé, kí wọ́n má baà máa wò wá."

Mo wo ẹ̀gbẹ́ ilé, ọ̀nà tóóró tó lọ sí ẹ̀yìn. Òun náà ni mo ti ń gbà láti ọjọ́ tí mo ti dé.

"Iwájú ni mo gbà jáde, mà," mo ní.

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà dúró. Tó bá ní kí n máa lọ, mo ti mọ̀ pé màá lọ, àti àbúrò mi, àti ẹrù wa, mi ò sì mọ ibi tí a máa sùn. Ẹ̀rù ti padà wá, mo mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n mi ò yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Dírẹ́bà tún fun fèrè.

Ọ̀gá yà fún mi.

Mo kọjá lára ẹ̀, báàjì yẹn ṣì wà láyà ẹ̀, kò rántí ẹ̀. Nínú ilé, Bàbá Áyọ́ọ̀nù ti tẹ́ aṣọ ibùsùn kan sórí tábìlì, ó ti na etí aṣọ náà kan sí mi.

"Dì í mú," ó ní. "Ọkùnrin yẹn ò ní sùúrù."

Mo dì í mú. Inú ṣì ń bí mi. A ká a.